Coyote lẹ́yìn fẹ́ǹsì: egungun ló ń wá, kì í ṣe ẹ̀yin

"Dókítà, ajá kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa níbí. Kò sí okùn lọ́rùn ẹ̀, ikùn ẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ju egungun sí i."

Ìbàdàn ni Màmá tó pè mí yìí ti wá. Wọ́n wá bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní ẹ̀bá Houston, ní Texas, èmi sì ni mo ń tọ́jú ajá ilé wọn. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí kámẹ́rà ẹ̀yìnkùlé ká ránṣẹ́. Etí ẹranko náà dúró ṣonṣo, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ kún, ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú. Nígbà tó sáré, ìrù náà wà nílẹ̀. Bí ajá bá ń sáré, òkè ló sábà máa ń gbé ìrù sí.

"Màmá, èyí kì í ṣe ajá o. Coyote ni."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ajáko ni, mà. Ajáko ti Amẹ́ríkà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àtọjọ́ Sátidé ni mo ti ń fún un lóúnjẹ."

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ńṣe ni ẹranko yìí ṣìnà wọ ìlú. Kò ṣìnà rárá. Pápá àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ń gbé láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n pa ìkookò run níbi tó pọ̀, tí wọ́n sì gé igbó fún oko, àyè ṣí sílẹ̀ fún un, ó sì tàn dé ìpínlẹ̀ 49. Hawaii nìkan ni kò dé. Ní Chicago, láti ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ti ń so ẹ̀rọ mọ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń gbà, àárín ìlú gan-an ni wọ́n sì ti ń bímọ. Ní Houston tiwa, etí bayou, ìyẹn àwọn odò tó ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ gba àárín ìlú, ni títì wọn: ilẹ̀ tó ṣófo nítorí omíyalé, tí koríko àti ehoro kún, tó sì já sẹ́yìn ẹ́sítéètì wa.

Ẹranko náà kò tóbi tó bí ẹ̀rù ṣe ń sọ ọ́. Kìlógíráàmù 9 sí 20 ni púpọ̀ nínú wọn, irun ló jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n sanra. Bí ẹ bá gbọ́ igbe wọn lóru tó dà bíi ti ogún, ẹ fọkàn balẹ̀. Méjì péré lè máa yí ohùn padà títí tí yóò fi dún bí agbo. Ẹni méjì la mọ̀ tí coyote pa ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: ọmọ ọdún mẹ́ta kan ní California lọ́dún 1981, àti ọ̀dọ́bìnrin kan ní Kánádà lọ́dún 2009. Iye tí ajá ilé ń pa lọ́dún kan ṣoṣo ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Kí ló wá ń wá lẹ́yìnkùlé? Nígbà tí àwọn onímọ̀ Chicago yẹn tú ìgbẹ́ coyote wò, eku, ehoro, èso igi àti ẹran àgbọ̀nrín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oúnjẹ ilé ènìyàn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ológbò ilé. Àwa la ń kọ́ ọ ní ìyókù. Oúnjẹ ajá tó sùn síta, ọkà tí a dà fún ẹyẹ tí eku wá ń jẹ, ọ̀rá tó ṣẹ́kù lára irin ìyan ẹran, àti èyí tó jẹ́ tiwa gan-an: ìkòkò ẹran ewúrẹ́ tí a gbé sẹ́yìn ilé lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò rántí gbé wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi dùn bí oníbàárà bá kọ́kọ́ ní kí n júwe ẹni tó ń dẹ pàkúté fún òun. Coyote kan ní ilẹ̀ tó ń ṣọ́. Bí ẹ bá gbé e kúrò, òmíràn tó ń wá ibi tí yóò gbé á wọlé síbẹ̀, yóò sì bá egungun lórí koríko.

Èyí tí wọ́n ti fún lóúnjẹ, ẹ gbọ́dọ̀ tún un kọ́ láti bẹ̀rù. Mo bi Màmá pé kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ewúrẹ́ tó bá dé ìdí láfún tí wọ́n sá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun kan náà ni. Ẹ jáde, ẹ nà tán, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ pariwo, ẹ fi ṣíbí lu ìdí ìkòkò, ẹ sọ òkò sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ẹ má ṣe kẹ́yìn sí i, ẹ má ṣe sáré. Ibi tí púpọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni pé tó bá rìn díẹ̀ tó dúró, tó bojú wẹ̀yìn, wọ́n á wọlé. Ńṣe ni kí ẹ tún tẹ̀ lé e títí tí kò fi sí lójú mọ́. Bí ẹ bá dá a dá ààbọ̀, ó ti kọ́ pé ariwo lásán ni. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ ṣe é, àwọn aládùúgbò jáde síta. "Kúrò ńbẹ̀!" tí wọ́n ké, ohùn Ọjà Ọba ni.

Àsìkò kan wà tí kò yẹ kí ẹ lé e. Láti oṣù kẹrin títí wọ inú ìgbà ooru ti ìhín, ọmọ máa ń wà nínú ihò. Bí ẹ bá ń mú ajá rìn tí coyote ń tẹ̀ lé yín láti òkèèrè láìsáré, ńṣe ló ń sìn yín kúrò nítòsí ọmọ rẹ̀. Ẹ gbé ajá kékeré sọ́wọ́, ẹ máa rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ́la. Kí okùn ajá má sì ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Èyí tí ń fà gùn yẹn, n kò fẹ́ràn ẹ̀.

Bobcat ní tirẹ̀, ológbò igbó ni. Ó tó ìlọ́po méjì ológbò ilé, ìrù rẹ̀ kúrú bí èyí tí wọ́n gé. Ó lè jókòó lórí fẹ́ǹsì láàárọ̀ kó máa yá oòrùn, kó wò yín, kó tún dijú. Adìẹ ló ń wá. Wáyà ẹlẹgẹ́ tí wọ́n ń tà fún ilé adìẹ ń dá adìẹ dúró ni, kì í dá ẹni tó wá jẹ adìẹ dúró. Ẹ ra èyí tó le, tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì ínǹṣì lọ, ẹ fi bo òkè náà, torí fífo fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kò le fún bobcat. Kí ẹ sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, torí coyote ń walẹ̀. Oníbàárà mi kan pàdánù adìẹ mẹ́fà lóru ọjọ́ kan. Ilé adìẹ náà dára, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọn ò tì.

Májèlé eku ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Yóò máa rìn gbéregbère fún ọjọ́ mélòó kan, bobcat á gbé e, ajá tiyín náà á gbé e.

Rírí coyote lọ́sàn-án kò fi hàn pé ó ní dìgbòlugi. Èyí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí irun rẹ̀ ti já tán, ẹ má lé e, ẹ pe àwọn tó ń bójú tó ẹranko ní ìlú yín. Lọ́dún 1988, dìgbòlugi wọ àárín coyote ní gúúsù Texas. Láti 1995 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú ju ìjẹ tó ní àjẹsára nínú sínú igbó, irú yẹn sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ti àdán àti ti skunk, ẹranko kékeré dúdú òun funfun tó ń tú òórùn burúkú, ṣì wà, nítorí náà ajá àti ológbò gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ 16; òfin Texas ni. Bí ẹranko igbó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá pa ẹranko ọ̀hún, kí wọ́n má fọ́ orí rẹ̀, torí ọpọlọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí coyote Màmá tó yéé wá. Ọmọ wọn ló pè mí lẹ́yìn náà, tó ń ráhùn pé òun ò ráyè gbé nǹkan sí fírísà mọ́. Màmá ti ń di gbogbo egungun sínú nylon, wọ́n ń tò ó síbẹ̀ de àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ pàǹtírí ń wá.