Kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì àtijọ́ fi ń tutù jù nígbà ọyẹ́?

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni mo fi ń kó ẹja láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, gba Ìtòìkín, wá sí Ìkòròdú. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, ọwọ́ gééjì ooru kì í kúrò nísàlẹ̀ bí mo bá ń sáré, àfi bí mo bá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó sì ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mẹ́káníìkì mi ní ara ọkọ̀ ló le. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe omi àmù tí a ń fẹ́ kí ó tutù. Ohun tí ó ń ṣọ́ ooru rẹ̀ ni thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré kan tí ó ní ìda nínú, tí ó máa ń ti ọ̀nà rẹ́díétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń tu omi ẹ́ńjìnnì lára, pa nígbà tí omi náà bá ṣì tutù. Bí omi náà bá gbóná dé nǹkan bí 82 sí 88°C, gẹ́gẹ́ bí irú ọkọ̀ bá ṣe rí, ìda náà á yọ́, á wú, á sì ti ìlẹ̀kùn náà ṣí. Bí ó bá há sí ṣíṣí, tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá, inú rẹ́díétọ̀ ni omi á ti máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣíná, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì máa gba ooru rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ó dúró kò rí irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí gééjì yín fi ń gòkè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ìbéèrè: Ta ni ì bá yọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ bi mẹ́káníìkì yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un, nítorí náà bí ọkọ̀ bá hó lẹ́ẹ̀kan, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ sọnù, tí wọn kò sì ní fọwọ́ kan rẹ́díétọ̀ tí ó dí. Ní Jámánì tàbí Kánádà, ìgbà òtútù ló máa ń tú àṣírí irú àléébù yìí, nítorí pé atẹ́gùn gbígbóná kò ní jáde sínú ọkọ̀. Àwa tí ìtura AC nìkan là ń wá kì í tètè fura. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bí ó bá ní in, á rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì móoru, á máa fún un ní epo kún epo. Omi tí ì bá gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì á dúró síbẹ̀, ọ́ìlì náà á sì di ẹrẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Ní òwúrọ̀, ẹ ṣíná, kí ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè rẹ́díétọ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún fáànù. Ó yẹ kí ó tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó wá gbóná lójijì. Bí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ti rí ọ̀daràn náà. Bí họ́ọ̀sì bá gbóná dáadáa tí gééjì kò mira, ẹ fura sí sensor, ohun tí ó ń sọ ooru omi fún gééjì. Fáànù tí wọ́n so wáyà rẹ̀ ní dáréètì, tí kì í fi í sinmi, náà lè dá kún títutù ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó fi thermostat tuntun sí i, ẹ so ó mọ́ okùn, kí ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná: ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ rẹ́díétọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á tún hó, wọ́n á sì tún yọ ọ́.