Omi inú coleslaw: bama kọ́ ló jẹ̀bi

Níbi ìkómọ kan tá a ṣe ní Ìgbógbó, lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣí kúlà coleslaw nígbà tí wọ́n fẹ́ bu ìrẹsì. Omi funfun ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, kábéèjì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń dáná sáré sọ̀rọ̀: "Ayédèrú bama ni wọ́n tà fún yín! Ẹ dá a padà fún wọn."

Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Coleslaw bá ti somi, bama ni wọ́n ń gbá mú. (Gbogbo máyónéèsì la sì ń pè ní bama, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò.)

Kábéèjì ló ni omi náà. Nínú 100 gíráàmù kábéèjì, bíi 92 ló jẹ́ omi. Ọ̀bẹ ló ń la ọ̀nà fún omi ọ̀hún, iyọ̀ ló ń fà á jáde. Ṣúgà náà ń fà á. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ bọ ewúro rí mọ bó ṣe ń rí: ewé á rọ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Iyọ̀ wà nínú bama fúnra rẹ̀, a tún ń bù kún un, ẹlòmíì á tún da mílíìkì inú agolo lé e. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ bá nínú kúlà?

Kó má di pé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́, mo ra odidi kábéèjì kan ní Sábó. Mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo bu iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan sí i, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí mo fún un, omi rẹ̀ tó ìdajì ife tíì. Bama kankan ò sí níbẹ̀ o.

Mi ò sọ pé kò sí ayédèrú lọ́jà. Ṣùgbọ́n òróró, pupa ẹyin àti fínígà ni wọ́n pò pọ̀ di máyónéèsì. Tó bá túká, òróró ló ń yọ lójú ẹ̀. Ohun tó sì sábà ń tú u ká nílé wa ni pé a gbé e sí fírísà, ó dì, iná lọ, ó yọ́.

Ní tèmi, mo ń fọ ewé kábéèjì kí n tó rẹ́ ẹ. Tí iyọ̀ bá ti ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ fún wákàtí kan, màá ṣàn án, màá dì í sínú aṣọ funfun tó mọ́, màá wá lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Ó máa ń rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń ró lẹ́nu. Kárọ́ọ̀tì á tẹ̀ lé e. Bama di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bu oúnjẹ, mi ò sì ní fi iyọ̀ kún un mọ́. Coleslaw náà kò gbọdọ̀ pẹ́ níta ju wákàtí méjì lọ, wákàtí kan péré tí oòrùn bá mú gan-an. Kúlà tí kò ní yìnyín kì í ṣe fíríìjì.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ báyìí. Ìyá ọjọ́sí jẹ ẹ́ níbi òde míì, ó ní ó dùn. Ó wá béèrè ibi tí wọ́n ti rí ojúlówó bama rà.