Bí ìjì ṣe ń wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ohun tó ń gbé e ró

Ìjì tó ń ṣáájú òjò ní oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ló ń ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà jẹ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Òmíràn tún ń jà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a ń pè ní igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi rárá. Ìdí ewé tó wé mọ́ ara wọn ni, omi ló sì kún inú rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, púpọ̀ nínú wọn kì í kọjá 40 sẹ̀ǹtímítà nínú ilẹ̀.

Tí ìjì bá ti wó o, ojú ibi tó ti ṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò. Èyí tó dá láàárín, afẹ́fẹ́ àti ìwúwo èso ló ṣe é. Òpó ni kò ní. Èyí tó hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ṣeé ṣe kí kòtò rẹ̀ má jìn tó, tàbí kí aràn tíntìntín tí ojú kò lè rí ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀ di dúdú. Èyí tó ṣẹ́ nídìí, tí ihò sì kún inú kókó rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, ìdin kòkòrò dúdú ẹlẹ́nu gígùn ló ti gbẹ́ ẹ. Òpó kì í fi bẹ́ẹ̀ ran méjì ìkẹyìn yìí lọ́wọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n gbìn wọ́n ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wọlẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ ha gbogbo gbòǹgbò àti èèpo kókó rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ wá rì í sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má baà jinná. Kòtò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, mítà 3 láàárín ìlà sí ìlà, mítà 2 láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá ṣe ń yọ ọmọ lọ́dọọdún ni kókó rẹ̀ ń yọ sókè, nítorí náà ẹ máa wa iyẹ̀pẹ̀ àti koríko gbígbẹ bò ó.

Àgbagbà tí a gbìn ní oṣù Karùn-ún sábà máa ń yọ èso ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta sí i kó tó gbó. Ìjì á bá a nígbà tó wúwo jù. Oṣù Kejì ni kí òpó ti wà nílẹ̀.

Ọparun méjì tó ga dé ọrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dára jù. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí orí, kí ẹ la ẹsẹ̀ wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí, kí oríta náà gbé ọrùn rẹ̀ lábẹ́ ibi tí èso ti yọ, níhà tó tẹ̀ sí. Ẹ fi ewé gbígbẹ tẹ́ oríta náà, torí ọparun a máa ha á, ojú egbò yẹn ló sì máa ń ṣẹ́. Síso ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mọ́ èkejì nìkan kò bójú mu: bí ọ̀kan bá ṣubú, á fa ìkejì lọ́wọ́.

Ewé tí afẹ́fẹ́ ya wẹ́wẹ́ kò léwu. Kódà, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí àyè kọjá. Ẹ má gé ewé tútù nítorí ìjì, èso á kéré.

Igi agúnmaniyè tí a gbìn sí ìhà tí ìjì ti ń wá sàn ju ògiri lọ. Afẹ́fẹ́ ń fo ògiri, á wá já lu ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó bá wó, ẹ gé èso rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá gbó, ó ṣì wúlò fún ìpékeré. Ẹ gé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ fọ́n ọn sí oòrùn kó gbẹ kíá, torí inú rẹ̀ ni kòkòrò dúdú yẹn ti ń yé ẹyin. Ọmọ kan ṣoṣo, èyí tí ewé rẹ̀ tóóró bí idà, ni kí ẹ fi sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀.