Ẹjọ́ Meerut: bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́tù ká àwọn kọ́múníìsì lọ́wọ́ kò ní Íńdíà

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta 1929, ọlọ́pàá kó èèyàn 31, àwọn olórí òṣìṣẹ́ àti kọ́múníìsì, káàkiri Íńdíà. Bombay àti Calcutta ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Meerut, nítòsí Delhi, ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ìdí wà níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga Bombay àti Calcutta ní júrì, ará ìlú sì lè dá wọn sílẹ̀. Ní Meerut, adájọ́ kan ṣoṣo ló ń dájọ́. Ìmọ̀ràn àwọn ará ìlú tó jókòó tì í kò de é. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ àti Àgbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ọ̀pọ̀ wọn wà nínú rẹ̀, ní ẹ̀ka síbẹ̀, ìyẹn nìkan sì ni ìjọba rí dì mú.

Abala 121A nínú ìwé òfin ọ̀daràn ni wọ́n lò: ìdìtẹ̀, ìyẹn pípa ìmọ̀ pọ̀ láti gba Íńdíà kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé kò pọn dandan kí wọ́n ṣe ohunkóhun; kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan ti tó. Kò sí pé à ń wá ìbọn tàbí bọ́ǹbù. Abala 10 nínú òfin ẹ̀rí ló wá parí iṣẹ́: bí adájọ́ bá ti gbà pé ìdìtẹ̀ náà ṣeé ṣe kó wà, ohun tí ọ̀kan bá kọ tàbí sọ nítorí rẹ̀ di ẹ̀rí lórí gbogbo wọn. Lẹ́tà tí Philip Spratt, ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tó wà nínú ẹjọ́ náà, kọ lè ṣe òṣìṣẹ́ Calcutta tí kò rí i rí níjàǹbá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ṣe lé ní 3,000: lẹ́tà tí wọ́n ká mọ́ ojú ọ̀nà, ìwé, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá dà kọ níbi àpéjọ.

Wọn ò fún ọ̀pọ̀ wọn ní béèlì, ẹjọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọdún mẹ́rin. Ìfàgùn yìí gan-an ló yí padà lé ìjọba lórí. Olùjẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ dé góńgó: wọ́n ń kọ́ kọ́tù ní ẹ̀kọ́ kọ́múníìsì, ìwé ìròyìn ń gbé e. Jawaharlal Nehru, tó di olórí ìjọba Íńdíà lẹ́yìn òmìnira, wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbèjà wọn.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1933, wọ́n dájọ́ ìgbèkùn gbére fún Muzaffar Ahmad, ọ̀kan nínú àwọn olùjẹ́jọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ilé-ẹjọ́ gíga Allahabad dín in kù sí ọdún mẹ́ta, ó sì dá àwọn mìíràn sílẹ̀ pátápátá. Lọ́dún 1934, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ kọ́múníìsì, láìgba kọ́tù kankan kọjá.