Ìyọ́wọlé ni, kì í ṣe ìtànkálẹ̀

Ohun tí àwọn onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ń pè ní “matrix diffusion” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn bí ohun tó yọ́ sínú omi ṣe ń kúrò lójú tí òkúta ti sán wọ inú ara òkúta fúnra rẹ̀, mo tún ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí Yorùbá báyìí: “ìtànkálẹ̀ inú mátíríìsì.” Kí ló ń tàn kálẹ̀? Ìròyìn ló ń tàn kálẹ̀, àrùn ló ń tàn kálẹ̀, tí gbogbo ayé á sì mọ̀. Ohun tí omi gbé wọ àpáta kì í pariwo. Á kọ́kọ́ yọ́ bí iyọ̀ nínú omi, á wá yọ́ kẹ́lẹ́ wọ ara òkúta. “Yọ́” kan náà ni èdè wa ti fi sọ méjèèjì, kí lẹ tún ń wá kiri? Ìyọ́wọlé ni mo pè é. Mátíríìsì ọ̀hún, ara àpáta ni.

“Ìfọ́” tí àwọn kan ń pe ojú tí òkúta ti sán náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó bá fọ́, a ó gbá a dànù ni. Àpáta yìí dúró digbí, ó kàn lanu ni. Ṣebí tí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́? Ìlanu, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ náà ń rán òun létí dókítà eyín. Kó lọ rí dókítà eyín.

Ẹ wo ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ti fi se àgbo pẹ́. Ẹ da àgbo nù, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ bu omi tuntun sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, omi ti korò. Èyí tó yọ́ wọ ara ìkòkò nígbà tí inú rẹ̀ korò jù ló ń yọ́ jáde padà, nítorí ara ìkòkò ló wá korò ju omi lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpáta ẹfun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ihò tó bí ìdá 35 nínú 100 ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kéré débi pé omi inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò lójú kan. Inú ìlanu ni omi ti ń sáré. Nígbà tí wọ́n ń dán bọ́ǹbù háídírójìn wò títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sókè, trítíọ̀mù, irú háídírójìn kan tó ń tú ìtànṣán jáde, bá òjò rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹfun wò lẹ́yìn náà, mítà díẹ̀ péré ni wọ́n bá a nísàlẹ̀, àfi bí ẹni tó ń rin mítà kan lọ́dún. Ní 1975 ni Stephen Foster, onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀, ṣàlàyé ìdí tó fi lọ́ra bẹ́ẹ̀: omi lè sá gba inú ìlanu lọ, kí trítíọ̀mù tó gbé wá ti yọ́ wọ ara àpáta. Naítíréètì inú ajílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ dín ajílẹ̀ kù lónìí, ti àtijọ́ á ṣì máa bọ́ sí kànga fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àpáta tiwa n'Íbàdàn le ju ẹfun lọ, ara rẹ̀ kì í mumi tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti kọjá erùpẹ̀ wọ òkúta gan-an, àfi kó bá ìlanu pàdé kó tó rí omi. Ọmọkùnrin tó gbẹ́ bọ́ọ̀hóólù wa ò gbọ́ mátíríìsì rí láyé. Nígbà tí omi tú jáde, ohun tó ké sí mi ni pé, “Bàbá, ó ti lanu o!”