Ẹ̀kọ́ Tí A Fi Pamọ́ Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Tí Aṣojú AI Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń lo aṣojú AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a lè rán níṣẹ́ kí ó sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbà pé bí a bá ti tọ́ ọ sọ́nà lẹ́ẹ̀kan, ó ti kọ́gbọ́n, kò sì ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí àṣìṣe kan náà bá tún wáyé lọ́jọ́ kejì, inú á bí wọn, wọ́n á ní olórí kunkun ni. Kì í ṣe olórí kunkun rárá. Kò rántí ni, nítorí pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ àná wọ̀ sí.

Módẹ́lì èdè, ìyẹn ètò tí ń ka ọ̀rọ̀ tí ó sì ń kọ ọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ ọpọlọ irú aṣojú bẹ́ẹ̀, jẹ́ àkójọ òǹkà tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ. GPT-3, módẹ́lì kan tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní ọdún 2020, ní bílíọ̀nù 175 irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni a ti ń tò wọ́n, bí a bá sì ti ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, ìbáwí tàbí ìyìn wa kò yí ẹyọ kan padà nínú wọn. Bí ìjíròrò bá parí, ọ̀rọ̀ wa ti kúrò níwájú rẹ̀, àyàfi bí ètò kan bá wà tí yóò tún gbé e wá.

Àwọn tí ó mọ èyí pàápàá máa ń ṣe àṣìṣe kejì, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù. Wọ́n á kó gbogbo ẹ̀kọ́ jọ sínú fáìlì gígùn kan, wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n bá ń da gbogbo rẹ̀ síwájú aṣojú nígbà gbogbo, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò ṣòfò: ní ọdún 2023, Nelson Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí wọn pé àwọn módẹ́lì èdè máa ń lo ohun tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀rọ̀ gígùn dáadáa ju ohun tí ó wà láàárín lọ. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀kọ́ náà sẹ́yìn irinṣẹ́ kan, ìyẹn ètò kékeré tí aṣojú lè pè láti bá a mú ẹ̀kọ́ náà wá, ìbéèrè tuntun dé: kí ni yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé àsìkò ti tó láti lò ó?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí irinṣẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú Model Context Protocol, ìlànà tí a fi ń so aṣojú AI mọ́ irinṣẹ́, tí ilé iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ohun tí módẹ́lì ń rí nípa irinṣẹ́ kan ni orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, àti irú ohun tí a gbọ́dọ̀ fi fún un. Kò rí ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àdó mẹ́wàá bá so mọ́ ògiri ilé oníṣègùn, tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí tí ó wà fún orí fífọ́, àlejò kò lè fi wọ́n wo ara rẹ̀ sàn, bí ó ti wù kí oògùn inú wọn máa jẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Paystack, ilé iṣẹ́ tí ń bá oníṣòwò gba owó lórí ẹ̀rọ ayélujára, máa ń gba iye owó ní kọ́bọ̀, kì í ṣe ní náírà. Bí aṣojú tí ń kọ ètò fún oníṣòwò kan bá fi 5000 ránṣẹ́ fún ọjà ₦5,000, ₦50 péré ni oníbàárà yóò san. Ká ní a ti kọ ẹ̀kọ́ yìí pamọ́, ṣùgbọ́n tí àpèjúwe irinṣẹ́ náà kò ju “Ó ń mú ẹ̀kọ́ jáde” lọ. Aṣojú tí a ní kó ṣe ojú ìwé ìsanwó kò rí ohunkóhun níbẹ̀ tí ó kan iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kọjá lọ. Ẹ fi í wé èyí: “Kọ́kọ́ lo irinṣẹ́ yìí kí o tó kọ ètò èyíkéyìí tí ó kan owó gbígbà tàbí owó dídá padà, kódà bí ó bá dá ọ lójú pé o mọ̀ ọ́n. Yóò fi àṣìṣe tí a ti ṣe rí àti àtúnṣe wọn hàn ọ́. Sọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe ní gbólóhùn kan.” Èyí sọ ìgbà, ó sọ ìdí, ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí a fi béèrè.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ náà nílò irú ìtọ́jú yìí. “Ṣọ́ra nípa owó” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Paystack ń ka kọ́bọ̀, sọ iye náírà di ìlọ́po 100 kí o tó fi ránṣẹ́” ni a lè mú lò. Nínú iṣẹ́ ìwádìí Voyager ní ọdún 2023, níbi tí GPT-4, módẹ́lì OpenAI mìíràn, ti ń ṣe eré kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Minecraft, gbogbo ọgbọ́n tí ó bá yọrí sí rere ni wọ́n kọ pamọ́ pẹ̀lú àpèjúwe tirẹ̀, àpèjúwe yìí ni wọ́n sì fi ń wá èyí tí ó bá iṣẹ́ tuntun mu jù. Wọn kò yí òǹkà kan padà nínú GPT-4, síbẹ̀ ó ń fi ọgbọ́n kékeré tí ó ti ní kọ́ èyí tí ó le jù ú lọ.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tí ń fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aṣojú rẹ̀ ń kà wọ́n. Àyẹ̀wò náà kò le: ẹ gbé iṣẹ́ kan náà fún un ní ìgbà mẹ́wàá, kí ìjíròrò kọ̀ọ̀kan jẹ́ tuntun, kí ẹ sì wo àkọsílẹ̀ iye ìgbà tí ó lo irinṣẹ́ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò. Bí ó bá fò ó, àpèjúwe ni kí ẹ tún kọ, kí ẹ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà.