Òdòdó Ara Fẹ́ǹsì Yín Kì í Ṣe Iṣápá

Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Àǹtí kan ládùúgbò wa já òdòdó pupa tó yí fẹ́ǹsì rẹ̀ ká, ó sá a sórí atẹ, ó ní zobo lòun fẹ́ fi sè. Mo ní, "Àǹtí mi, èyí kọ́ o." Ó na páálí tíì kan sí mi. Hibiscus ni wọ́n kọ sára rẹ̀, òdòdó ara fẹ́ǹsì rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì yà síbẹ̀. "Ṣé wọ́n á purọ́ sára páálí ni? Hibiscus ni hibiscus ń jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Orúkọ agboolé ni hibiscus, irúgbìn tó ń jẹ́ ẹ ju 200 lọ. Ti ara fẹ́ǹsì ni Hibiscus rosa-sinensis, iṣápá tí à ń fi ṣe zobo ni Hibiscus sabdariffa. Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, ló kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́dún 1753, ọdún yẹn kan náà ló sì pe ilá ní Hibiscus esculentus, kí Moench, onímọ̀ ewéko mìíràn, tó yọ ọ́ kúrò nínú agboolé náà ní 1794. Tó bá jẹ́ pé hibiscus ni hibiscus ń jẹ́ lóòótọ́, wọn ì bá ti máa fi ilá se zobo nígbà náà. Àwọn tó ń mu ún ò tiẹ̀ dà á rú: Haúsá ní zoborodo, Sẹ̀nẹ̀gà ní bissap, Íjíbítì ní karkade, Jàmáíkà ní sorrel. Páálí tíì ló kó wa síyọnu.

Èyí tó wá burú jù ni pé ohun tí à ń sè kì í ṣe òdòdó rárá. Ẹ mú ẹyọ zobo gbígbẹ kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo funfun. Ẹ ó rí nǹkan bí ife kékeré tó nípọn, tó ní ṣóńṣó márùn-ún lórí, tí ewé tín-ín-rín sì yí ìdí rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Bí ìdí rẹ̀ bá lu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ti èso rẹ̀ jáde. Ẹ wá awẹ́ òdòdó níbẹ̀ wò, ẹ ò ní rí i. Èèpo tó gbá ìdí òdòdó mú nìyẹn. Òdòdó iṣápá fúnra rẹ̀ jọ ti ilá, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ojú rẹ̀ dúdú láàárín. Ó là láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti rọ. Lẹ́yìn tó bá rẹ̀ dànù ni èèpo yẹn ń wú, tó ń kún fún omi kíkan. Ẹ wá lọ wo ìdí ti ara fẹ́ǹsì: ewé tútù ni, ó fẹ́lẹ́ bí bébà, kò sì ní wú láéláé. Awẹ́ rẹ̀ ló tóbi, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ewédú. Ní Íńdíà, wọ́n máa ń fi dan bàtà láyé àtijọ́.

Ẹni tó bá dàgbà sídìí ọbẹ̀ iṣápá oní-ẹ̀gúsí kò yẹ kí ó nílò àlàyé yìí. Ìyá tó ń bọ iṣápá funfun kí kíkan rẹ̀ lè dín kù, ǹjẹ́ ó já òdòdó kankan?

N kò sọ pé májèlé ni ti ara fẹ́ǹsì o. Ní Éṣíà wọ́n ń fi tọ́jú irun, àwọn mìíràn sì ń jẹ awẹ́ rẹ̀. Bóyá ẹni tó bá mu ún kò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ti inú ọgbà lè ti gba oògùn kòkòrò, tí ẹnikẹ́ni ò ní lọ́kàn pé wọ́n á fi sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ pé "hibiscus" ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kí wọ́n rántí pé iṣápá ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tí wọ́n ń gbé kiri yẹn. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa mu zobo gidi pàápàá lójoojúmọ́.

Àǹtí se tirẹ̀ ṣá. Omi náà dà bí aró tó ti ṣá, ó ń yọ̀, kò kan rárá. Ó da atalẹ̀, kànáfùrù àti ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, ó bu ife kan fún mi, ó ní ṣebí mo rí i pé ó dùn. Ọ̀pẹ̀yìnbó náà dùn lóòótọ́.